Ìdè Ni Ká Wò, Kì í Ṣe Ọ̀nà: Àtakò sí Ìtumọ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Ya Èrò Afàyọ Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Èrò Akójọ

Ìtumọ̀ kan wà tí ó ti di àkọ́sórí ní kíláàsì ìmọ̀ èrò-ìjìnlẹ̀, láti Cotonou dé Djougou, láti Èkó dé Ìbàdàn, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ sínú ìdánwò láìṣiyèméjì, tí olùkọ́ sì ń fún un ní máàkì lé e lórí: pé ọ̀nà méjì ni ọmọ ènìyàn ń gbà ronú dé ìkádìí, àti pé èkínní ń ti orí ohun tó kan gbogbo sọ̀kalẹ̀ wá sórí ẹyọ kan, nígbà tí èkejì ń ti orí ẹyọ kọ̀ọ̀kan gòkè lọ sórí gbogbo. Èkínní ni àwọn tó fi èdè Faransé kọ́ ẹ̀kọ́ ń pè ní déduction, èkejì ni wọ́n ń pè ní induction. Nínú àròkọ yìí, èkínní ni èrò afàyọ, nítorí pé ohun tó ti wà nínú ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń fà yọ. Èkejì ni èrò akójọ, nítorí pé ẹ̀rí ni ó ń kó jọ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ àkọ́sórí náà kò tọ̀nà. Kì í ṣe pé ó kù díẹ̀ kí ó pé. Ohun tí kì í ṣe ààlà rárá ni ó mú, tó fi ṣe ààlà, ẹni tó bá sì gbára lé e yóò máa fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tó lè já mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò sì máa fojú tín-ín-rín ohun tó yẹ kí ó fi ṣe iṣẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé ẹni tí kò ka ìwé lórí ẹ̀kọ́ yìí rí, ó yẹ kí a dárúkọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Gbogbo àlàyé tí ènìyàn bá ṣe láti fi gbe ọ̀rọ̀ kan lẹ́sẹ̀ ní apá méjì: àwọn gbólóhùn ìpìlẹ̀, ìyẹn ohun tí olùsọ̀rọ̀ ní kí a gbà bẹ́ẹ̀ ná, àti ìkádìí, ìyẹn ohun tí ó ní ó ti ara wọn jáde. Ohun tó so apá méjèèjì pọ̀ ni a ń pè ní ìdè níhìn-ín. Nínú èrò afàyọ, ìdè náà le débi pé bí gbogbo gbólóhùn ìpìlẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́, kò sí ibi tí ìkádìí lè gbà di irọ́. Ẹni tó bá gba ìpìlẹ̀ tó sì kọ ìkádìí ti tako ara rẹ̀, bí ẹni tó ní òun nìkan ni ọmọkùnrin tí ìyá òun bí, tó sì tún ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, ọmọ ìyá òun, ń gbé ní Kambolé. Nínú èrò akójọ, ìdè náà lè lágbára, ó tilẹ̀ lè lágbára gan-an, ṣùgbọ́n àyè wà nínú rẹ̀: gbogbo ìpìlẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́ kí ìkádìí sì já sí irọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tako ara rẹ̀. Bóyá ìpìlẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́ kí ìkádìí jẹ́ irọ́, ìbéèrè yìí nìkan ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, ibi tí èrò ti gbéra àti ibi tó forí lé kò sì sí nínú rẹ̀.

Ibi gbogbo ni a ti lè dán ìtumọ̀ àkọ́sórí náà wò, ṣùgbọ́n ó sàn kí a dán an wò níbi tí àṣìṣe rẹ̀ ti lè kan ara ènìyàn. Bassila jẹ́ kọ́múnù kan ní ẹkùn Donga, ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin, lẹ́bàá ààlà Togo. Ẹni tó bá gba ọ̀nà títì láti Savalou lọ sí Djougou yóò kọjá ní Bantè, yóò dé Manigri, lẹ́yìn náà ni yóò tó wọ Bassila. Mẹ́rin ni arrondissement, ìyẹn ìpín ìṣàkóso tó wà lábẹ́ kọ́múnù, tó wà níbẹ̀: Bassila, Manigri, Alédjo àti Pénéssoulou. Ní Bassila, Anii ni èdè àwọn onílẹ̀, èdè tó ń pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, tí kì í sì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá lọ́nàkọnà. Ní Manigri tí kò jìnnà sí i, Nàgó ni wọ́n ń sọ, èdè tó bá Yorùbá tan. Ìlú méjì tó múlé gbe ara wọn, tí ìjọba kan náà ń ṣàkóso, tí èdè wọn kò sì jọra: irú ibi báyìí ni ẹnu ti máa ń yá ènìyàn láti sọ pé "gbogbo wọn" ṣe báyìí tàbí báyìí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti yẹ kí ènìyàn mọ irú èrò tí òun ń lò.

Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Manigri wà ní gúúsù Bassila. Bassila wà ní gúúsù Djougou. Nítorí náà, Manigri wà ní gúúsù Djougou. Kò sí "gbogbo" kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹyọ ìlú ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹyọ ìlú ló parí sí, síbẹ̀ ìdè rẹ̀ kò ṣeé já, èrò afàyọ pọ́nbélé ni. Ìtumọ̀ àkọ́sórí kò ní àpò tí yóò kó o sí.

Àpẹẹrẹ kejì kọjú ìjà sí ìtumọ̀ náà ní tààrà. Nínú àkọsílẹ̀, a ló parí Bassila, i ló parí Manigri, o ló parí Alédjo, u ló parí Pénéssoulou. Mẹ́rin yìí péré sì ni arrondissement tó wà ní kọ́múnù náà. Nítorí náà, orúkọ gbogbo arrondissement kọ́múnù Bassila ló ń fi fáwẹ̀lì parí. Láti orí ẹyọ mẹ́rin ni èrò yìí ti gòkè lọ sórí "gbogbo", olùkọ́ tó bá tẹ̀lé ìwé rẹ̀ yóò sì ní akójọ ni. Afàyọ ni, nítorí pé kò sí ìkarùn-ún tó fara pamọ́ síbì kan tó lè wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Gbólóhùn tó sọ pé mẹ́rin péré ni wọ́n ló mú ìdè náà le. Bí a bá wá yọ gbólóhùn yẹn kúrò, tí a fi orúkọ mẹ́rin kan náà sọ pé orúkọ gbogbo ìlú ní Benin ló ń fi fáwẹ̀lì parí, ọ̀nà kò yí padà rárá, láti ẹyọ sí gbogbo náà ni, ṣùgbọ́n a ti kúrò nínú afàyọ, a ti bọ́ sínú akójọ. A lè fi Djougou, Copargo àti Ouaké kún ẹ̀rí wa, kí a tún fi Cotonou, Parakou, Kandi àti Savalou kún un, kí ọkàn sì máa balẹ̀ sí i; ọjọ́ tí a bá dé Bohicon, tí wọ́n fi n parí, ni ìkádìí náà yóò wó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó di irọ́. Igi kan kì í dá igbó ṣe, ìyẹn kò ṣòro láti gbà. Ohun tí ìwé kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ẹgbẹ̀rún igi náà kì í sọ fún ni pé igbó ti parí.

Apá kejì àṣìṣe náà léwu ju èkínní lọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà tó jẹ́ ọmọ Manigri ló ń sọ Nàgó. Obìnrin kan wá láti Manigri. Nítorí náà, obìnrin náà ń sọ Nàgó. Èrò yìí sọ̀kalẹ̀ láti orí ohun tó kan ọ̀pọ̀ wá sórí ẹyọ kan, ìtumọ̀ àkọ́sórí yóò sì fi òǹtẹ̀ afàyọ lù ú, pẹ̀lú gbogbo iyì tí orúkọ yẹn ní. Akójọ ni. Obìnrin náà lè jẹ́ Fúlàní tí agbo màlúù wọn wà lẹ́yìn ìlú, ó lè jẹ́ ìyàwó àgbẹ̀ tó ti ìhà Atacora wá ilẹ̀ iṣu, ó sì lè jẹ́ Anii tó lọ́kọ síbẹ̀. Kí a fojú inú wo òṣìṣẹ́ ìlera kan tó gbé ìgò oògùn lọ́wọ́, tó ń fi Nàgó ṣàlàyé fún ìyá ọlọ́mọ pé ṣíbí kan ní òwúrọ̀, ṣíbí kan ní alẹ́, kí ó má sì dáwọ́ dúró bí ara ọmọ bá tilẹ̀ ti yá. Ìyá náà ń mi orí nítorí pé ojú ń tì í láti ní kò yé òun, òṣìṣẹ́ náà sì ti ìgò dé, ó yí sí ẹlòmíràn. Ohun tí òṣìṣẹ́ yìí ṣe kì í ṣe àìgbọ́n, nítorí ìkádìí rẹ̀ ṣeé ṣe kí ó tọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó lo ìkádìí tó ní àyè nínú bí ẹni pé kò ní, kò sì béèrè ìbéèrè kékeré kan tí ì bá dí àyè náà. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ pé ohun gbogbo tó ti orí gbogbogbòò sọ̀kalẹ̀ ló dájú kò ní mọ̀ pé ìbéèrè kankan ṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn jù, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Láti Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní etí ọ̀sà lọ sókè, a óò rí Kétu, a óò rí Ṣábẹ tí wọ́n ń kọ ní Savè, a óò rí Ìcà tí wọ́n ń sọ ní Bantè, a óò sì dé Nàgó ti Manigri. Èdè àwọn ìlú wọ̀nyí wọnú ara wọn bí ìsokọ́ra ẹ̀wọ̀n, tí aládùúgbò sì máa ń gbọ́ ti aládùúgbò. Ẹlòmíràn wá ronú báyìí: ará Manigri ń gbọ́ èdè Bantè, ará Bantè ń gbọ́ èdè Savè, ará Savè ń gbọ́ ti Kétu, ará Kétu ń gbọ́ ti Àjàṣẹ́, nítorí náà, ará Manigri ń gbọ́ ti Àjàṣẹ́. Kí a gbé èrò yìí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ gúúsù tó ṣáájú. Ìrísí wọn kò yàtọ̀: ẹyọ ni méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, ẹyọ ni méjèèjì parí sí, ìlú kan ń fa ìlú mìíràn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ti gúúsù kò ṣeé já, ti èdè sì lè já níbikíbi, nítorí pé "wà ní gúúsù" jẹ́ ìbátan tó ń kọjá láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta láìdín kù, nígbà tí "gbọ́ èdè" jẹ́ ìbátan tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń kọjá, bí omi tí a ń fi ọwọ́ bù fún ara wa láti ẹnìkan sí ẹnìkejì. Ẹni tó ń wo ọ̀nà nìkan kò lè rí ìyàtọ̀ yìí láéláé, nítorí kò sí ìyàtọ̀ kankan ní ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí ta ni Yorùbá àti ta ni kì í ṣe Yorùbá ní àríwá Benin ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ ní ìrísí tó le jù lọ: gbogbo Nàgó ni Yorùbá, ará Manigri jẹ́ Nàgó, nítorí náà, ará Manigri jẹ́ Yorùbá. Bí gbólóhùn ìpìlẹ̀ méjèèjì bá jẹ́ òtítọ́, tí orúkọ náà "Nàgó" sì ní ìtumọ̀ kan náà nínú wọn, kò sí ibi tí ìkádìí lè sá sí. Ṣùgbọ́n níbo ni gbólóhùn kìíní ti wá? Orúkọ tí àwọn Fọ̀n àti àwọn òyìnbó Faransé fi ń pe àwọn tó ń sọ èdè tó bá Yorùbá tan ni Nàgó, ìmọ̀ tó pọ̀ jù lórí irú ènìyàn tí orúkọ náà ń tọ́ka sí sì wá láti gúúsù, láti agbègbè bíi Pobè, Sakété àti Àjàṣẹ́. Ẹni tó sọ "gbogbo Nàgó" kó ẹ̀rí jọ níbẹ̀, ó sì nà án dé òkè. Èyí ni pé èèkàn tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n irin mọ́, inú ilẹ̀ rírọ̀ ni wọ́n gbá a sí. Lónìí, àkójọ àmì èdè àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 639-3 kọ Nàgó mẹ́ta sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti gúúsù, ti Manigri àti Kambolé ní Togo, àti èyí tí wọ́n ń pè ní Kura, tí agbègbè Alédjo nínú kọ́múnù Bassila kan náà jẹ́ ilé rẹ̀. Ní 1989, Hounkpati Capo, onímọ̀ èdè ọmọ Benin, yan Ede ní orúkọ fún gbogbo ìdílé èdè náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi orúkọ ẹ̀ka kan bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi èyí gbọ́. Ìbátan Manigri pẹ̀lú ilẹ̀ Yorùbá kò sí lábẹ́ àríyànjiyàn níhìn-ín, ìfẹ́ tó sì ń mú kí ènìyàn fẹ́ ka ará rẹ̀ tó jìnnà mọ́ ilé jẹ́ ìfẹ́ tó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún. Ohun tí a ń kọ̀ ni kí wọ́n gbé ìkádìí tó yẹ kí ó ti inú àkójọ ẹ̀rí wá, kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ afàyọ, kí wọ́n sì fi pa ará Manigri lẹ́nu mọ́ kí ó tó sọ ohun tó ń pe ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè tó mọ iṣẹ́ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á mú ìwé ọ̀rọ̀, bóyá irú èyí tí Morris Swadesh tò ní 1955, tó ní ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ bíi omi, ojú, iná àti ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á bi àgbàlagbà ìlú kan, wọ́n á bi ti ìlú kejì. Wọ́n á ka iye ọ̀rọ̀ tó jọra. Wọ́n á sì gbé ìtàn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìlú kan fún ará ìlú kejì láti gbọ́, kí wọ́n tó sọ bí ìgbọ́ra-ẹni-yé ṣe pọ̀ tó. Akójọ ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì mọ̀ pé akójọ ni.

Ohun mìíràn tún wà tí ìtumọ̀ àkọ́sórí ń dàrú, ìyẹn ìyàtọ̀ láàárín ìdè tó le àti ìkádìí tó jẹ́ òtítọ́. Kí ìjọba tó yọ Donga kúrò lára Atacora ní 1999, ènìyàn lè sọ pé gbogbo Bassila wà ní Atacora, pé Manigri wà ní Bassila, àti pé nítorí náà Manigri wà ní Atacora. Òtítọ́ ni nígbà náà. Lónìí, ìdè náà kò yingin, ó le bó ṣe le tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni ìkádìí rẹ̀, nítorí pé gbólóhùn ìpìlẹ̀ kan ti kú. Èrò afàyọ kò lè fún ni ní òtítọ́ tí a kò ti kó sínú rẹ̀.

Ó tọ́ kí a béèrè ibi tí àṣìṣe yìí ti wá. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, ló kọ́kọ́ sọ pé akójọ jẹ́ ìrìn láti orí ẹyọ lọ sórí gbogbo, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yìí ni ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sì dì mú láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó mú wá fúnra rẹ̀ tú àṣírí: ó ka ènìyàn, ẹṣin àti ìbaaka gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá tí kò ní òróòro tí ẹ̀mí wọn sì gùn, ó wá ní kí ìkádìí náà tó dúró, a gbọ́dọ̀ ka gbogbo irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ tán. Bí a bá ti kà wọ́n tán, ọ̀rọ̀ arrondissement mẹ́rin la padà sí, afàyọ ni. Francis Bacon rí i ní 1620 pé kíka ẹyọ tó bá ọ̀rọ̀ wa mu láìwá èyí tó lè ta kò ó jẹ́ iṣẹ́ ọmọdé. Ní 1748, David Hume fi hàn pé kò sí iye ẹ̀rí àtẹ̀yìnwá tó lè de ọjọ́ iwájú pa. John Stuart Mill, ní 1843, sọ pé láti ẹyọ sí ẹyọ ni ọ̀pọ̀ èrò ènìyàn ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tí iná jó lẹ́ẹ̀kan ṣe ń sá fún iná mìíràn láìdá òfin kankan sílẹ̀ nípa gbogbo iná. Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́, wọ́n sì mọ ewu tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ẹyọ ló bá lọ sórí ẹyọ, ìkádìí rẹ̀ sì ṣìnà.

Ìṣirò tún fi kún ẹ̀rí náà. Ọ̀nà ìfìdí-òtítọ́-múlẹ̀ kan wà tí àwọn tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò ń pè ní mathematical induction, tí àwọn tó fi Faransé kọ́ ọ ń pè ní récurrence. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó rọrùn ni pé bí a bá ń ro àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba pọ̀ láti orí 1, àbájáde rẹ̀ á jẹ́ iye wọn lọ́nà iye wọn: 1 jẹ́ 1, 1 àti 3 jẹ́ 4, 1, 3 àti 5 jẹ́ 9. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ tó ní "nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí" ti ṣe akójọ. Onímọ̀ ìṣirò kì í dúró síbẹ̀: á fi hàn pé níbikíbi tí òfin náà bá ti ṣẹ, àtẹ̀lé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ, nítorí pé nọ́ńbà tó kàn yóò kún onígun mẹ́rin náà ní ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun kan, àti pé ó ṣẹ lórí 1. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí nọ́ńbà tó lè bọ́. Afàyọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti orí ẹyọ ló ti gòkè lọ sórí gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí kíláàsì ní Manigri rí oore gbà nínú èyí, nítorí orúkọ tí Faransé fi kọ́ ọ kò tàn án jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn gbọ́ induction, ó sì rò pé ìbátan ohun tí wọ́n ń ṣe ní yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì ni.

Nínú ìtumọ̀ tó ṣìnà ni ìkẹ́gàn ti máa ń hù jáde. Nígbà tí wọ́n bá ti sọ pé afàyọ ń bọ̀ láti òkè, tí akójọ ń bọ̀ láti ilẹ̀, ó rọrùn láti gbà pé ti àwọn ọ̀mọ̀wé ni èkínní, pé ti àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ni èkejì, àti pé ìméfò lásán ni ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe. Kí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ lọ jókòó ti ẹni tó ń ra kajú ní agbègbè Bassila lásìkò ìkórè. Kì í ra kajú nípa wíwo ẹnu àpò. Yóò bu díẹ̀ lókè àpò, díẹ̀ láàárín, díẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí ibi ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń fi èyí tó ti pẹ́ tàbí èyí tó tutù sí. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àpò. Yóò dà wọ́n sórí ẹní, yóò pò wọ́n pọ̀, yóò pín wọn sí méjì, yóò tún pín wọn, títí yóò fi ku kílò kan. Yóò ka iye hóró tó wà nínú kílò náà, yóò sì gé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó funfun tó sì kún á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó ní àbàwọ́n díẹ̀ ni wọ́n á ka ìwọ̀n rẹ̀ sí ìdajì. Èyí tó ṣófo, tó bu, tàbí tí kòkòrò ti jẹ á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ á sì dúdú nítorí òróró èèpo. Bí ìwọ̀n hóró tó wúlò bá jẹ́ gíráàmù 272 nínú kílò kan, yóò sọ ọ́ di ìwọ̀n pọ́n-ùn nínú àpò kílò 80, ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní KOR: 272 lọ́nà 80 jẹ́ 21,760, pọ́n-ùn kan sì jẹ́ gíráàmù 453.6, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 48. Iye yẹn ni wọ́n á fi ná owó.

Èrò méjèèjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí, ojú sì lè rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Láti orí kílò kan tí wọ́n gé bọ́ sórí gbogbo àpò tí wọn kò gé, akójọ ni. Láti orí gíráàmù 272 bọ́ sórí pọ́n-ùn 48, afàyọ ni, ìṣirò ni. Ohun tó ń ṣe aráyé ní kàyéfì ni pé apá tí ọ̀mọ̀wé ń bọ̀wọ̀ fún, ìyẹn ìṣirò, ni apá tí ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè ṣe. Apá tí wọ́n ń pè ní ìméfò ni ó gba ọgbọ́n, ìrírí àti òtítọ́ inú. Oníṣòwò tó bu kílò kan láti inú àpò kan ṣoṣo tí òjò pa, tó sì fi ìyẹn dá owó fún gbogbo ọjà àgbẹ̀, kò ṣi ìṣirò ṣe. Akójọ rẹ̀ ló burú, àgbẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀. Àgbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ pé akójọ kò ní òfin kò ní mọ ohun tí yóò fi ja ìjà yẹn. Akójọ ní òfin: kí ohun tí a bù wá láti ibi púpọ̀, kí ó pọ̀ tó, kí ẹni tó ń bù ú má ṣàyàn èyí tó wù ú, kí ó sì wá ibi tí ìkádìí rẹ̀ ti lè já kí ó tó kéde rẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ìwé ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Barry Hallen àti Olubi Sodipo, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1986 lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Yorùbá Nàìjíríà, ṣàlàyé pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni wọ́n ń sọ pé ó mọ̀. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí olùsọ náà ṣeé gbára lé tó, ó gbà á gbọ́ ni. Bí ẹ̀rí ṣe so mọ́ ọ̀rọ̀ tó ni ìyàtọ̀ náà dá lé, kò dá lé ibi tí èrò ń rìn gbà. Síbẹ̀, ìṣọ́ra kan náà tí àròkọ yìí ń béèrè gbọ́dọ̀ bá ìwé yìí náà wí. Ìwọ̀nba àwọn oníṣègùn ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Bóyá ará Manigri ń fi mọ̀ àti gbàgbọ́ ya nǹkan sọ́tọ̀ bákan náà jẹ́ ohun tí ẹnìkan ní láti lọ gbọ́ ní Manigri. Paulin Hountondji, ọ̀mọ̀ràn ọmọ Benin tó kú ní 2024, fi ọ̀pọ̀ ọdún jà lórí èyí gan-an: ó kọ̀ kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di èrò gbogbo ènìyàn dúdú, bí ẹni pé ní Áfíríkà, kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn.

Àwọn kan yóò gbèjà ìtumọ̀ àkọ́sórí náà pé fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni, pé ó rọrùn, pé wọ́n á tún un kọ́ bí wọ́n bá dé yunifásítì. Ẹ̀bẹ̀ yìí kò tẹ̀wọ̀n. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í dé yunifásítì. Ohun tí wọ́n kọ́ ní ọdún yẹn ni wọ́n ń mú lọ sí ọjà, sí ilé ìwòsàn àti sí ìpàdé ìlú. Ohun tó rọrùn tó sì tọ́ kò sì jìnnà sí olùkọ́ kankan ní kọ́múnù Bassila: kí ó gbé àpò kajú kan wọ kíláàsì, kí ó gé ogún hóró, kí ó béèrè bóyá ó ṣì ṣeé ṣe kí àwọn yòókù burú, kí ó gé ọgọ́rùn-ún, kí ó tún béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé ìgboyà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, pé ìdáhùn sí ìbéèrè náà kò sì yí padà, àfi ìgbà tí hóró tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sábẹ́ ọ̀bẹ. Nígbà náà ni ìkádìí nípa àpò náà yóò di afàyọ, láti inú ẹyọ sí gbogbo, láìsí àyè kankan. Ṣùgbọ́n kajú tí a ti gé tán báyẹn kò ṣeé kó ránṣẹ́ mọ́, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń rà á ní Manigri fi ń gé kílò kan péré, tó ń di àwọn àpò yòókù lẹ́nu láìgé, tó sì ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn iye kan tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó lè já.